Ìtàkùn Ni Yóò Yan Ọ̀pá Rẹ̀

Ẹ̀yin olùgbọ́ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ní Iléṣà, ní Òṣogbo àti ní gbogbo abúlé tí ohùn rédíò yìí dé, ọ̀rọ̀ àsọyé ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí gbogbo ojú mọ̀, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba ènìyàn ń ronú lé lórí, èyí ni igi tàbí ọ̀pá tí a ń rì mọ́lẹ̀ fún ohun ọ̀gbìn tí ó ń fà, kí ó lè rí nǹkan gùn. Ohun tí ètò yìí fẹ́ kí ó yé àwọn olùgbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí àgbẹ̀ tó mú àdá lọ ṣá ọ̀pá, kí ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ohun tí ó gbìn ń gbà gùn. Ìtàkùn ni ó ń yan ọ̀pá. Ọ̀pá kì í yan ìtàkùn.

Ìtàkùn, bí a ó ṣe máa lo ọ̀rọ̀ náà lónìí, ni ohunkóhun tí a gbìn tí ara rẹ̀ kò le tó láti dá dúró, tí ó sì gbọ́dọ̀ fara ti nǹkan mìíràn kí ó tó lè rí òkè. Iṣu, tí ará Ìjẹ̀ṣà ń pè ní usu, wà lára wọn. Ewùrà wà lára wọn. Ùgù, elégédé, awùjẹ, sèsé, àmùnútutù, ejìnrìn àti iyèré, ìtàkùn ni gbogbo wọn. Kí ni wọ́n ń wá lókè? Ìmọ́lẹ̀ ni. Ewé ni ilé ìdáná ohun ọ̀gbìn, oòrùn sì ni iná tí ó fi ń se oúnjẹ tí yóò di iṣu nísàlẹ̀ ilẹ̀ tàbí èso lórí ẹ̀ka. Igi bí ìrókò máa ń lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láti mọ ìtì ara rẹ̀ nípọn kí ewé rẹ̀ lè bọ́ sókè, ṣùgbọ́n ìtàkùn kì í ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára tí kò ná sórí ìtì ni ó ń ná sórí gígùn, sórí ewé àti sórí ohun tí a ó jẹ, ó sì ń retí pé ẹlòmíràn ni yóò gbé òun dúró. Nínú igbó, igi ni ẹlòmíràn náà. Nínú oko àti nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, àgbẹ̀ ni.

Ǹjẹ́ ó pọn dandan kí ìtàkùn gùn nǹkan? Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilẹ̀ tí a gbìn ín sí. Ní Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ṣakí níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ọ̀dàn, tí igi kò pọ̀, tí oòrùn sì ń ràn dáadáa, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí iṣu máa fà nílẹ̀, tàbí kí ó gun poroporo ọkà bàbà tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìdúró lẹ́yìn ìkórè. Iṣu wọn ń ta. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká títí dé ẹsẹ̀ òkè ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n, òjò ń pọ̀, òfuurufú a máa ṣú fún ọjọ́ púpọ̀ nígbà òjò, igi kòkó àti igi obì sì ń ṣíji bo etí oko. Bí ìtàkùn iṣu bá sùn sílẹ̀ ní irú ibẹ̀, ewé yóò máa bo ewé, ti òkè nìkan ni yóò rí oòrùn, ti ìsàlẹ̀ yóò sì máa jẹrà nínú ọ̀rinrin.

Ọ̀rinrin yìí ní ewu tirẹ̀. Àrùn kan wà tí ó máa ń mú ewé iṣu, pàápàá jù lọ ewùrà, tí ewé yóò ní àmì dúdú, tí àmì náà yóò máa gbilẹ̀, tí ìtàkùn yóò sì gbẹ nígbà tí iṣu ìdí rẹ̀ kò tíì gbó. Ohun kan nínú ìran olú, tí ó kéré ju èyí tí ojú lásán lè rí lọ, ni ó ń fà á. Òjò tí ó bá bọ́ sílẹ̀ tí ó sì ta padà sára ewé máa ń gbé e kiri, ewé tí omi kò gbẹ lára rẹ̀ ni ó sì fẹ́ràn jù. Nígbà tí ìtàkùn bá wà lórí ọ̀pá, afẹ́fẹ́ yóò gba àárín ewé kọjá, omi yóò tètè gbẹ, àrùn náà kò sì ní ráyè bí ó ti fẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé àṣà lásán ni rírì ọ̀pá fún iṣu ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí ó tún un rò. Ará ilẹ̀ tí iyán kì í wọ́n nínú odó wọn kò lè máa ṣá igi lásán láti ìran dé ìran.

Kò sì yẹ kí a ṣe é ní àṣejù. Ẹ̀gúsí kò nílò ọ̀pá. Kúkúndùnkún kò nílò ọ̀pá. Àwọn méjèèjì ń fà nílẹ̀, wọ́n ń bo ilẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí koríko ráyè hù, ẹni tí ó bá sì lọ ń ṣá igi fún wọn kàn ń wá iṣẹ́ kún iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọ̀nà tí ìtàkùn ń gbà gùn, ibẹ̀ sì ni kókó wà. Ìtàkùn kì í gùn bákan náà. Àwọn kan ń fi gbogbo ara wọn lọ́ mọ́ igi. Àwọn kan ní ọwọ́. Àwọn kan ń fi gbòǹgbò di igi mú. Àwọn ohun ọ̀gbìn kan sì wà tí kì í ṣe ìtàkùn, tí wọn kò ní ọ̀nà kankan, àfi bí a bá so wọ́n.

Iṣu ni olórí àwọn tí ó ń lọ́ mọ́ igi. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i, kí ó lọ dúró nídìí ebè kan lówùúrọ̀ nígbà tí iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kí ó sì wo orí ìtàkùn náà dáadáa. Ewé kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Kí ó padà dé ibẹ̀ ní ọ̀sán, yóò rí i pé ìhà ibòmíràn ni orí náà kọ sí. Ó ń yí po nínú afẹ́fẹ́ láìdúró, ó ń wá ohun tí yóò fara kàn. Bí ó bá fara kan ọ̀pá, ibi tí ó kàn án kò ní lè tẹ̀ síwájú mọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yóò ṣì máa yí, yíyí náà ni yóò sì wé e mọ́ ọ̀pá láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 1865 lórí ìṣe àwọn ìtàkùn. Àìsàn ni ó dá a mọ́ yàrá nígbà tí ó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ó sì gbé ìtàkùn kan tí wọ́n ń fi òdòdó rẹ̀ pọn bíà sínú ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń wò ó tọ̀sán tòru. Ó rí i pé nígbà tí ooru bá mú, orí ìtàkùn náà kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí 2 lọ kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó tún kíyè sí ohun kan tí ó kan àgbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n: ọ̀pọ̀ ìtàkùn tí ó ń lọ́ mọ́ igi kò lè gun igi tí ó bá nípọn jù, nítorí ibi tí orí wọn ń yí dé ní ààlà, ìtì ńlá sì ju ààlà náà lọ.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ó gbin iṣu? Ó túmọ̀ sí pé ọ̀pá tí ó nípọn kì í ṣe ọ̀pá tí ó dára jù. Ọ̀pá iṣu kò yẹ kí ó nípọn ju ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Kí ó dúró ṣánṣán, nítorí ohun tí ó ń lọ́ mọ́ igi fẹ́ràn òkè ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Kí èèpo wà lára rẹ̀ tàbí kí ara rẹ̀ má dán, nítorí ìtàkùn tí òjò kún a máa yọ̀ sílẹ̀ lára ọ̀pá tí ó ń dán. Bí a bá fẹ́ lo ọparun, kí a má ṣe gé ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò tán. Kí a fi kùkùté ẹ̀ka sílẹ̀ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan kí ìtàkùn lè rí ibi fẹsẹ̀ lé. Mítà 2 sí 3 ni gíga rẹ̀ tó fún iṣu. Awùjẹ, sèsé àti àmùnútutù ń lọ́ mọ́ igi bákan náà, ṣùgbọ́n ara wọn fúyẹ́ ju ti iṣu lọ, nítorí náà ọ̀pá tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó àtàǹpàkò tó wọn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tilẹ̀ ń gbin sèsé sí ẹ̀gbẹ́ iṣu kí àwọn méjèèjì lè jọ gun ọ̀pá kan náà, owó ọ̀pá sì dín kù.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí olùgbọ́ lọ fi ojú ara rẹ̀ wò. Ẹ lọ wo bí iṣu funfun ṣe ń lọ́ mọ́ igi, kí ẹ sì lọ wo bí ẹ̀sùrú ṣe ń lọ́. Ìhà kan kọ́ ni wọ́n ń gbà. Iṣu funfun, ewùrà àti ìgàngán ń gba ìhà kan, ẹ̀sùrú ń gba òdìkejì, kò sì sí ẹni tí ó lè yí wọn lọ́kàn padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran ìtàkùn lọ́wọ́, tí ó fi ọwọ́ wé e mọ́ ọ̀pá, kí ó kọ́kọ́ wo ìhà tí ó ń gbà. Bí ó bá wé e sí òdì, yóò bá a ní títú sílẹ̀ nígbà tí ó bá padà dé, yóò sì rò pé ewúrẹ́ ni ó ṣe é.

Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí rédíò rẹ̀ sí ibí yìí, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí ohun ọ̀gbìn ń gùn ni ó wà lẹ́nu. Ohun tí a ti ń tẹnu mọ́ ni pé kí àgbẹ̀ mọ ọ̀nà tí ìtàkùn rẹ̀ ń gbà gùn kí ó tó ṣá igi. A ti sọ ti àwọn tí ó ń lọ́ mọ́ igi. Ó wá kan àwọn tí ó ní ọwọ́.

Ùgù ní ọwọ́. Elégédé ní ọwọ́. Igbá, ejìnrìn, kùkúńbà àti kàn-ìn-kàn-ìn ayaba tí a fi ń wẹ̀, gbogbo wọn ní ọwọ́. Ọwọ́ yìí ni okùn tín-ín-rín tí ó máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ewé, tí orí rẹ̀ ká kò. Bí orí rẹ̀ bá fara kan ohun tín-ín-rín bíi rẹ̀, yóò dì í mú láàárín wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ohun tí ó yani lẹ́nu: àárín rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká, yóò sì fa ìtàkùn náà súnmọ́ ibi tí ó dì mú. Ẹ mú ọ̀kan lára ùgù kí ẹ wò ó. Apá kan okùn náà ká sí ọ̀tún, apá kejì ká sí òsì, ibì kan tí ó nà sì wà láàárín tí ìhà méjèèjì ti pàdé. Nítorí pé orí méjèèjì ti so mọ́lẹ̀, kò lè ká sí ìhà kan ṣoṣo láìlọ́ ara rẹ̀ já. Ìká yìí ni kì í jẹ́ kí ìjì já ùgù lulẹ̀, nítorí bí atẹ́gùn bá fà á, yóò nà, bí atẹ́gùn bá sì fi í sílẹ̀, yóò padà.

Ǹjẹ́ ẹ rí i nísinsìnyí ìdí tí ùgù kì í fi í gun ọparun ńlá tí a rì fún un, tí ó máa ń fì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Ohun tí ùgù ń fẹ́ ni ẹ̀ka wẹ́wẹ́, okùn, wáyà tàbí àwọ̀n. Ọ̀pá méjì tí ó lágbára ni a ó rì sí orí ìlà méjèèjì, a ó fi wáyà so wọ́n pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀, a ó sì máa ta okùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè láàárín wọn. Àwọ̀n apẹja tí ó ti gbó tó fún èyí. Ẹ̀ka igi gbígbẹ tí ó ní pàǹtí ẹ̀ka lára, tí àwọn ènìyàn ń sun dànù, ó dára fún ùgù ju ọ̀pá tí a gé ní dídán lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ ná owó, ògiri wáyà tí ó yí ọgbà ká ti tó o.

Ti àwọn tí èso wọn wúwo yàtọ̀. Elégédé ńlá àti igbá tí a fẹ́ fi gbá omi dára nílẹ̀, lórí koríko gbígbẹ. Ṣùgbọ́n kàn-ìn-kàn-ìn ayaba àti akèrègbè ọlọ́rùn gígùn dára lórí àtíbàbà, èyí tí a fi òpó mẹ́rin àti igi tí a tò sórí wọn ṣe, nítorí èso tí ó bá fi ara rọ̀ láti òkè máa ń nà tọ́ọ́rọ́, èyí tí ó bá sùn sílẹ̀ máa ń wọ́. Òpó àtíbàbà ni a lè lo igi tí ó nípọn fún. Òpó náà kì í ṣe ibi tí ìtàkùn ń dì mú; ẹrù ni ó ń gbé.

Àwọn tí ó ń fi gbòǹgbò gùn kò pọ̀ lẹ́yìnkùlé, iyèré sì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ní ilẹ̀ yìí. Gbogbo oríkèé rẹ̀ ni ó ń yọ gbòǹgbò kéékèèké tí ó ń lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Kò fẹ́ ọ̀pá gbígbẹ. Kò fẹ́ irin. Igi tí ó wà láàyè, tí èèpo rẹ̀ háńhán, tí òjìji wà nídìí rẹ̀, ni ó ń fẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń bá a nínú oko kòkó àti oko obì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín sílé, kí ó gbìn ín sídìí igi ọsàn tàbí igi obì tí ó ti dàgbà, kí ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀pá.

Tòmátò kì í ṣe ìtàkùn rárá, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ a máa wọ́ ọ lulẹ̀, nítorí náà a ń rì ọ̀pá fún un. Kò ní ọwọ́, kò lè lọ́. Síso ni a ń so ó. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa ohun ọ̀gbìn tí wọ́n rò pé àwọn ń ràn lọ́wọ́, nítorí wáyà tàbí okùn ọ̀rá ni wọ́n fi ń so ó pinpin, bí ìtì rẹ̀ bá sì ń sanra sí i, okùn náà yóò gé e. Àgékù aṣọ ni ó dára. Kí a wé e mọ́ ọ̀pá, kí a lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀pá àti tòmátò, kí a tó wá fi yí tòmátò ká láìfún un. Lílọ́ tí ó wà láàárín ni kì í jẹ́ kí ìtì máa ha ọ̀pá. Àgékù aṣọ kò sì ní wọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ àwọn Òṣómàáló oníṣòwò aṣọ. Kò sí télọ̀ tí kò ní í fún ni lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ku ibi tí ọ̀pá ti ń wá. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ ro iye ebè tí ó wà nínú oko kan. Ebè kọ̀ọ̀kan ń bèèrè ọ̀pá. Láyé ìgbà tí àgbẹ̀ ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó di ìgbòrò, igi wẹ́wẹ́ inú ìgbòrò náà ni ó ń di ọ̀pá nígbà tí wọ́n bá padà ṣán an, oko ni ó ń pèsè ọ̀pá fún ara rẹ̀. Lónìí, ilẹ̀ kì í sinmi pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń wá ọ̀pá a máa wọ igbó lọ ṣá ọmọ igi tí ì bá di gẹdú lọ́la, ọ̀nà rẹ̀ sì ń jìn sí i lọ́dọọdún. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun. Ní erékùṣù Jàmáíkà, iṣu tí àwọn baba ńlá wọn mọ̀ láti Áfíríkà ṣì ni olórí oúnjẹ agbègbè Trelawny, níbi tí eléré ìje Usain Bolt ti wá, tí baba rẹ̀ tilẹ̀ sọ pé iṣu ibẹ̀ wà lára ohun tí ó fún un ní eré. Ìgàngán ni wọ́n ń gbìn jù níbẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n ń ṣá fún iṣu náà ti di ìṣòro fún igbó àwọn òkè Cockpit Country, débi pé àwọn aláṣẹ àti àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà mìíràn náà kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní Ìbàdàn, IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí gbígbin ìlà igi láàárín ohun jíjẹ, àgúnmániyè sì wà lára igi tí wọ́n lò. Igi yìí kò ṣàjèjì, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ó fi ń ṣe ọgbà. Láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Bí a bá gé apá rẹ̀ tí ó ti gbó, tí a rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, yóò yọ gbòǹgbò, yóò sì di ọ̀pá tí ó wà láàyè. Ikán kì í jẹ ohun tí ó wà láàyè bí ó ti ń jẹ ọ̀pá gbígbẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ń gbé àwọn ohun àìfojúrí kan tí ó ń mú nínú afẹ́fẹ́ ṣe ajílẹ̀ fún ilẹ̀, ewé rẹ̀ tí a bá sì gé sórí ebè yóò jẹrà, yóò di oúnjẹ iṣu. Ìyeyè àti akòko náà máa ń yọ bẹ́ẹ̀ bí a bá rì wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí ó wà láàyè kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Bí a kò bá gé ẹ̀ka rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣíji bo iṣu tí ó yẹ kí ó gbé sókè. Kí a rì í ní ọdún kan ṣáájú iṣu, kí ó ti fìdí múlẹ̀, kí a máa gé ẹ̀ka rẹ̀ bí òjò bá ti ń mú un hù, kí a sì fi ìtì rẹ̀ nìkan sílẹ̀ fún ìtàkùn. Ẹni tí kò bá ní àyè láti máa gé e, ọ̀pá gbígbẹ ni kí ó lò. Kí ó yan ọparun tí ó ti gbó, kí ó gé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí èyí tí ó tutù tí ó kún fún omi ni kòkòrò ń tètè jẹ. Kí ó fi iná ra ìdí rẹ̀ títí yóò fi dúdú kí ó tó rì í, nítorí ikán.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a rì ọ̀pá? Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ìtàkùn tó gùn ju apá ènìyàn lọ ni ó yẹ kí ọ̀pá ti wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró títí iṣu fi fà kálẹ̀, tí ó wá ń gbé e sókè, yóò dá orí rẹ̀, ewé tí ó ti kọ ojú sí oòrùn yóò dojú bolẹ̀, yóò sì gba ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tún ara wọn ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ebè ni kí a rì í sí, kí ó má gún ẹ̀bù. Kí ó wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, nítorí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kò mọ̀ pé iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ni. Ibi tí ìjì bá ti ń jà púpọ̀, bíi orí òkè ọ̀nà Ẹ̀rìn, kí a so orí ọ̀pá ebè mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ kí wọ́n lè gba ara wọn dúró. Nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, kí a rántí pé igi gàǹgàn má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ọ̀pá tòmátò tí kò ga ju àyà lọ ni ó ń gún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti já ewé. Kí a fi ike omi tí a ti mu tán dé orí rẹ̀.

Nígbà tí a bá ti wa iṣu tán, tí ìtàkùn ti gbẹ, kí a fa ọ̀pá tu kí òjò ìparí ọdún má bá a nílẹ̀. Ìtàkùn tí ó bá ní àmì dúdú, kí a tú u kúrò lára ọ̀pá kí a sì sun ún, nítorí àrùn ewé lè sùn sínú rẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀. Kí a tẹ ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí ikán ti jẹ di igi ìdáná. Èyí tí ó le, kí a tò ó sórí igi méjì tí a dábùú, kí ó má kan ilẹ̀, lábẹ́ òrùlé abà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná tí èéfín ń dé, nítorí kòkòrò kò fẹ́ràn èéfín. Èyí tí ó bá sì ti yọ ewé nínú wọn, kí a má fà á tu. Kí a gé orí rẹ̀, kí a sì kọ ebè ọdún tí ń bọ̀ sí ìdí rẹ̀.